Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ òfin ohun gbígbìn fún ọgbà àjọlò láìdá ìjà sílẹ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ kọmití ọgbà àjọlò (ilẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbin nǹkan sí, tí kálukú ní ìpín tiẹ̀) ti máa ń ṣubú rèé: wọ́n á jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ewéko tí wọn ò fẹ́, ẹnì kan á ní ọparun, ẹlòmíì á ní òun ò fẹ́ rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sójú, ẹnì kẹta á rántí nǹkan tí ẹni tí wọ́n jọ pààlà gbìn lọ́dún tó kọjá tó ṣì ń bí i nínú, kílẹ̀ tó ṣú lísìtì ti gùn dé ogójì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì, ó parí. Kò ní pẹ́ tẹ́nì kan á fi gbé ewéko tí kò sí lórí lísìtì wá, ewéko náà á gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ìpín ẹni ẹlẹ́ni, tẹ́ ẹ bá sì bi í, á ní "ẹ fi ibi tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí hàn mí." Kò sì sí níbẹ̀ lóòótọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ò ju pé orúkọ ewéko ni wọ́n fi ṣòfin. Irú ewéko tó ń yọ òdòdó láyé ńbí ń lọ sí 300,000, lísìtì wo lẹ́ ẹ fẹ́ kọ tó máa gba gbogbo wọn? Ìwà ewéko ló yẹ kẹ́ ẹ fi ṣòfin, ìyẹn ohun tó máa ń ṣe sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà yẹn, ojú ìwé kan tàbí méjì ti tó, ewéko tẹ́ ẹ ò tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí gan-an òfin yín á ti mú un sílẹ̀ dè é.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé àdéhùn ilẹ̀ náà, odindi ẹ̀ o, kì í ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan.
- Lísìtì ewéko tí ìjọba orílẹ̀-èdè yín (tàbí ìpínlẹ̀ yín) fòfin dè, èyí tó jẹ́ ti ọdún yìí.
- Máàpù ọgbà. Ẹ lè fọwọ́ yà á, àmọ́ kó fi ibi tí oòrùn ti ń yọ hàn, àti ibi tí páìpù omi gbà, àti ọ̀nà, àti ìpín kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀.
- Tépù ìwọ̀n kan, àti igi gbọọrọ kan tó ga tó mítà méjì. Igi yìí máa ṣiṣẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.
- Àkọsílẹ̀ ohun tó ti wà nílẹ̀ báyìí, pẹ̀lú fọ́tò tó ní déètì.
- Ẹnì kan tí kì í ṣe ara kọmití, tí kò sì mọ nǹkan kan nípa ọ̀gbìn, tó máa ka òfin náà kẹ́ ẹ tó gbé e jáde.

Ìpele 1: Ẹ ya òfin tí kì í ṣe tiyín sọ́tọ̀

Àwọn òfin kan wà tí kọmití ò lè dìbò lé lórí. Àkọ́kọ́ ni ti ìjọba. Orílẹ̀-èdè tó pọ̀ ló ní ewéko tí wọn ò gbà kéèyàn gbìn, tà, tàbí gbé kiri, nítorí ó ń ba oko tàbí odò jẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ (EU) gbé tiwọn jáde lọ́dún 2016, irú 37 ló wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn, ewéko àti ẹranko pa pọ̀, wọ́n sì ti ń fi kún un látìgbà náà. Ewéko ojú omi kan tí òdòdó ẹ̀ rẹwà gan-an, tí wọ́n ń pè ní water hyacinth (Pontederia crassipes), wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn níbòmíì ṣì ń rà á sínú adágún kékeré torí òdòdó yẹn náà, nítorí náà tí ọgbà yín bá ní adágún, ẹ wo apá yẹn dáadáa.

Ìkejì ni ewéko tó jẹ mọ́ òògùn olóró. Igbó ni ìbéèrè máa ń wá lórí ẹ̀ jù. Ibì kan gbà á, ibì kan ò gbà á rárá, ibòmíì gbà á nínú ilé èèyàn àmọ́ kò gbà á níbi tí ojú gbogbo ayé tó o. Ọgbà àjọlò kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ rántí ìyẹn kẹ́nì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin ilé ẹ̀ jà yín níyàn.

Ìkẹta ni onílẹ̀. Àdéhùn míì sọ ọ́ tààrà pé ẹ ò gbọ́dọ̀ gbin igi, tàbí ohunkóhun tí gbòǹgbò ẹ̀ máa dé ibi ògiri tàbí páìpù. Òmíì ní kẹ́ ẹ dá ilẹ̀ padà bẹ́ ẹ ṣe bá a. Gbólóhùn kékeré yẹn ti fi òfin de igi fún yín láìpe orúkọ igi kankan, ẹ má fojú fò ó.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ṣe: wọ́n á lọ da lísìtì ọgbà ìlú òkèèrè kọ látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo èkan (Imperata cylindrica). Amẹ́ríkà kà á mọ́ èpò tí ìjọba àpapọ̀ wọn fòfin dè, síbẹ̀ irú ẹ̀ kan wà tí ewé ẹ̀ pupa tí àwọn kan ń tà fún ẹ̀ṣọ́ ọgbà. Ewéko kan náà o, níbì kan ọ̀daràn, níbì kan ẹ̀ṣọ́. Àṣìṣe kejì sì ni orúkọ. Orúkọ tá à ń pe ewéko lẹ́nu máa ń yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí èkejì, ewéko méjì sì lè jẹ́ orúkọ kan, nítorí náà níbi tẹ́ ẹ bá ti máa dárúkọ rárá, ẹ kọ orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó má di àríyànjiyàn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbé ìka lé ìlà kọ̀ọ̀kan nínú apá yìí, kẹ́ ẹ bi ara yín pé "ìwé wo ló sọ bẹ́ẹ̀?" Èyí tí kò bá níwèé lẹ́yìn, òfin yín ni, ẹ gbé e lọ sí ìpele tó kàn.

Ìpele 2: Ẹ kọ ìpalára sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ

Ẹ gbé bébà òfo, ẹ má dárúkọ ewéko kankan. Ohun tí ewéko lè ṣe fún ọmọnìkejì ò ju márùn-ún lọ: ó lè tàn wọ ìpín ẹlòmíì, ó lè ṣíji bò ó, ó lè pa èèyàn lára, ó lè kó àrùn bá ohun tó wà nítòsí, tàbí kó wà níbẹ̀ títí láé lẹ́yìn tí ẹni tó gbìn ín ti lọ. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀. Ohun tí kò bá bọ́ sínú ọ̀kankan nínú márààrún, kì í ṣọ̀ràn kọmití.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀: tí ẹni tó gbin nǹkan yìí bá rìnrìn àjò fún oṣù mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ìpín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́? Tòmátò á kú, ó tán. Ẹ̀fọ́ á so èso, á gbẹ, àwọn irúgbìn kan á fọ́n káàkiri, wọ́n á fọkọ́ tu ìyẹn. Mint, ewé olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi sínú tíì, á ti wọlé onílé. Ọparun tó ń sá lábẹ́ ilẹ̀ á ti yọ sáàárín ọ̀nà. Ẹ bi ìbéèrè yìí fún gbogbo nǹkan tẹ́nì kan bá ní òun ò fẹ́, ẹ máa rí i pé ìdajì lísìtì á kúrò fúnra ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ fi ṣòfin, torí ibẹ̀ ni ìbínú ti ń wá jù. "Èpò" kì í ṣe ìdí. Pápásan (Portulaca oleracea) èpò ni lójú ẹnì kan, ẹ̀fọ́ ni lójú ẹlòmíì, tẹ̀tẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọ "kò sí èpò" láìsọ ohun tẹ́ ẹ pè ní èpò, ẹ ti bú oúnjẹ ọmọ ẹgbẹ́ yín nìyẹn. Òdòdó dípò oúnjẹ náà, àfi tí àdéhùn ilẹ̀ bá ní oúnjẹ nìkan, ẹ jẹ́ kí olódòdó gbin òdòdó ẹ̀, labalábá àti oyin máa ń dúpẹ́, ẹ̀yin náà á jèrè ẹ̀ nígbà tí elégédé bá ń so.

Èyí tó tún máa ń dá ìjà sílẹ̀ láìnídìí ni pé "ata wẹ́wẹ́ ẹ̀ máa jẹ́ kí tàtàṣé mi ta." Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí kòkòrò bá gbé àtíkè òdòdó ata tó ń ta wá sórí tàtàṣé, èso tọdún yìí ò ní yí padà, irúgbìn inú ẹ̀ ló máa jẹ́ àdàlù, ẹni tó bá sì fẹ́ tún irúgbìn yẹn gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ ló kàn. Àgbàdo ló yàtọ̀. Atẹ́gùn ló ń gbé àtíkè ẹ̀, ọmọ àgbàdo tá à ń jẹ gan-an ni irúgbìn, nítorí náà tí àgbàdo dídùn àti àgbàdo líle bá jọ tanná pa pọ̀ nítòsí ara wọn, ọmọ àgbàdo dídùn lè le lọ́dún yẹn gan-an. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣòfin kan lórí àdàlù, ti àgbàdo nìkan ni kẹ́ ẹ ṣe: kí wọ́n gbìn ín ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta síra wọn kí wọ́n má bàa tanná papọ̀. Ẹni tó bá ń gbin igbá ẹ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ elégédé náà, kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú irúgbìn, torí èso tó bá ti inú irú àdàlù yẹn jáde lè korò, èyí tó bá sì korò nínú ìdílé elégédé, májèlé ni, kí wọ́n tu ú dà nù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀ yẹn. Tó bá lè sọ ẹni tí ìyà máa jẹ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó dáa. Tó bá ní "èyí kàn dà bíi pé ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀ ni," ẹ pa á rẹ́.

Ìpele 3: Ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, kì í ṣe méjì

"Ẹ lè gbìn" àti "ẹ ò gbọ́dọ̀ gbìn" nìkan ni kọmití tó pọ̀ mọ̀. Àárín wọn ni iṣẹ́ wà: *ẹ lè gbìn ín, àmọ́ báyìí báyìí*. Tẹ́ ẹ bá ṣe ọ̀nà àárín yìí dáadáa, èyí tẹ́ ẹ máa fòfin dè pátápátá ò ní ju díẹ̀ lọ, àwọn èèyàn á sì bọ̀wọ̀ fún un torí pé wọ́n mọ̀ pé ẹ ò kàn ń ṣe agídí.

Àwọn tó ń tàn ló máa pọ̀ jù ní ọ̀nà àárín. Ẹ mú mint (Mentha), gbogbo irú ẹ̀. Òfin tó wà káàkiri ni "inú ìkòkò nìkan," ó sì máa ń kùnà, wọn ò sì mọ ìdí tó fi ń kùnà. Ọ̀nà méjì ni mint ń gbà jáde nínú ìkòkò. Àkọ́kọ́, gbòǹgbò á gba ihò ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde bọ́ sínú ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé ìkòkò náà lórí ilẹ̀ tútù fún oṣù díẹ̀, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ gbé e, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń já. Ìkejì, ẹ̀ka ẹ̀ á tẹ̀ kọjá etí ìkòkò, oríkèé tó bá kan ilẹ̀ á ta gbòǹgbò, ó di ewéko tuntun nìyẹn. Nítorí náà òfin yín ní láti sọ ohun mẹ́ta: kí ìkòkò jókòó lórí òkúta pẹlẹbẹ tàbí búlọ́ọ̀kù, kì í ṣe lórí ilẹ̀, tó bá jẹ́ pé wọ́n rì í mọ́lẹ̀, kí etí ẹ̀ yọ sókè tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí wọ́n gé ẹ̀ka tó bá ti rọ̀ kọjá etí. Ó gùn ju "inú ìkòkò nìkan" lọ, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Ọparun ni ẹ̀rí tó dáa jù pé orúkọ nìkan ò tó. Irú tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Phyllostachys máa ń sá lábẹ́ ilẹ̀, ó lè yọ ní ibi tó jìnnà sí ìdí ẹ̀ gan-an. Irú Bambusa máa ń dúró lójú kan, á kàn máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ "kò sí ọparun," ẹ ti fìyà ẹnì kan jẹ ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá kọ "ohunkóhun tó ń ta gbòǹgbò tó ń sá lábẹ́ ilẹ̀, a ò gbà á nínú ilẹ̀," ọparun, mint, èkan, gbogbo wọn ti bọ́ sínú àwọ̀n kan ṣoṣo. Bambusa tó kù, òfin gíga tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ á bá a wí tirẹ̀.

Èyí tó ń rá lórí ilẹ̀ rọrùn ju ìyẹn lọ. Elégédé lè rá tó mítà mẹ́ta sí márùn-ún, kúkúndùnkún náà ò kẹ̀rẹ̀. Wọn ò jẹ́bi nǹkan kan, kí onílé ṣáà máa dá orí wọn padà sílé. Òfin ibẹ̀: ẹ̀ka tó bá kọjá ààlà, aládùúgbò lè dá a padà, kò sì gbọ́dọ̀ gé e. Ẹ kọ apá kejì yẹn sílẹ̀ o, torí gígé yẹn ló máa ń di ẹjọ́.

Fún ọ̀nà kẹta, "ẹ má gbìn ín," ẹ fi ti ìpele 1 síbẹ̀, ẹ fi àwọn tí ẹ̀là gbòǹgbò kékeré wọn lè hù padà kún un, irú bíi Reynoutria japonica tí ẹ̀là tí kò tó àtàǹpàkò á tún di igbó, àti dáńdá (Cyperus rotundus) tí kóró abẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ ò ṣeé ṣà tán. Ẹ kọ ọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ju ìdọ̀tí wọn sínú àkìtàn ìdọ̀tí-di-ajílẹ̀ tí gbogbo yín jọ ń lò. Àwọn èèyàn á tu ú ní ìpín wọn, wọ́n á kó o lọ da síbẹ̀, oṣù díẹ̀ sí i gbogbo ọgbà á fi ọwọ́ ara wọn bu ajílẹ̀ tó kún fún un sórí bẹ́ẹ̀dì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tí "ẹ má gbìn ín" bá gùn ju "ẹ gbìn ín báyìí" lọ, ẹ padà sí ìpele 2.

Ìpele 4: Gíga àti òjìji, ẹ fi igi wọ̀n ọ́n

Ẹ má jókòó sínú yàrá ṣe èyí. Ẹ gbé igi mítà méjì yẹn lọ sí ọgbà, ẹ rì í mọ́ ibi tẹ́nì kan fẹ́ gbin nǹkan gíga sí, ẹ sàmì sí ibi tí orí òjìji ẹ̀ dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọ̀sán gangan, àti aago mẹ́ta. Nígbà tí oòrùn bá wà ní ìdajì ọ̀nà sójú ọ̀run, gígùn òjìji á bá gíga ohun tó ń ṣíji dọ́gba: mítà méjì á ju òjìji mítà méjì. Tó bá lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ, òjìji á gùn sí i.

Ibi tẹ́ ẹ wà láyé ló máa sọ apá tí ohun gíga máa gbé. Ní ìdajì òkè ayé, apá àríwá ọgbà ni, torí oòrùn ń gba gúúsù kọjá. Ní ìdajì ìsàlẹ̀, apá gúúsù ni. Ẹni tó wà nítòsí àárín ayé, oòrùn ń gba orí ẹ̀ kọjá ni, òjìji àárọ̀ á bọ́ sí ìwọ̀ oòrùn, ti ìrọ̀lẹ́ á bọ́ sí ìlà oòrùn, kò sí ẹ̀gbẹ́ kan tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tán, nítorí náà àárín ìpín ẹni tó gbìn ín ló yẹ kó wà. Ìdí nìyí tí òfin "apá àríwá nìkan" tí wọ́n bá da kọ láti ibòmíì fi lè ṣe òdìkejì ohun tẹ́ ẹ fẹ́.

Gbólóhùn tó máa ń ṣiṣẹ́: ohunkóhun tó bá máa ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ, kó jìnnà sí ààlà tó ìdajì gíga ẹ̀, ó kéré tán. Àgbàdo mítà méjì, mítà kan sí ààlà. Tí ìpín yín bá kéré débi pé ìyẹn ò lè ṣeé ṣe, ẹ ya ibì kan sọ́tọ̀ létí ọgbà fún ohun gíga gbogbo yín. Ẹ fi ẹ̀wà tó ń gun igi kún un, torí wọ́n máa ń gbàgbé pé igi tí wọ́n fi gbé e ló ń ṣíji, kì í ṣe ewé nìkan.

Igi gidi wá ńkọ́? Èrò tèmi ni pé kò sígi nínú ilẹ̀ ìpín ẹnì kankan. Ó lè dà bí ìwà ìkà, àmọ́ ẹni tó gbin máńgòrò lónìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba oòrùn lọ́wọ́ ìpín mẹ́rin, ta ló fẹ́ gé igi tó ń so? Ẹ gbin igi eléso sí ilẹ̀ gbogbogbòò, kó jẹ́ ti gbogbo yín. Ẹni tí kò bá lè ṣe láìnígi, kó gbé e sínú ìkòkò ńlá. Igi walnut dúdú (Juglans nigra) ni kẹ́ ẹ má gbà rárá, torí gbòǹgbò ẹ̀ máa ń tú oje tó ń pa tòmátò. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn èèyàn máa fi jiyàn, "kì í ṣe igi," òótọ́ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi, àmọ́ òfin gíga ò bi yín léèrè bóyá igi ni. Fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ fi kún un pé ọmọ tó bá yọ kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ nídìí ìyá kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ dúró nínú ìpín tó kéré jù lọ́gbà ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Tí òjìji ẹlòmíì bá bo ju ìdá mẹ́rin ẹ̀ lọ, nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ ò tíì tó.

Ìpele 5: Májèlé, ẹ̀gún, àti ilẹ̀ fúnra ẹ̀

Ẹ má kọ "kò sí ewéko tó ní májèlé." Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ti lé pòtétò jáde (ibi tó bá ti di àwọ̀ ewé lára ẹ̀ ní májèlé), ẹ lé ẹ̀gẹ́ jáde, ẹ lé ẹ̀wà pupa ńlá jáde torí tútù ẹ̀ ń dani nínú rú. Ohun tẹ́ ẹ ń sá fún ni èyí tí ọmọdé lè já kó fi sẹ́nu torí pé ó dára lójú, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbìn ín fún jíjẹ. Lárà (Ricinus communis) ni àpẹẹrẹ tó yé gbogbo èèyàn, irúgbìn ẹ̀ dán, ó ní àwọ̀ bíi ìlẹ̀kẹ̀, díẹ̀ ẹ̀ sì lè ṣe ọmọ kékeré léṣe gan-an. Làpálàpá (Jatropha curcas) náà, àti oleander tó jẹ́ pé gbogbo ara ẹ̀ ni májèlé.

Ẹ̀gún rọrùn: kó jìnnà sí ojú ọ̀nà tó mítà kan, ó tán.

Ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé. Tí ọgbà yín bá wà níbi tí ilé àtijọ́ wó sí tàbí ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, òjé, irin tó jẹ́ májèlé, lè wà nínú ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ẹ má gbójú lé òórùn tàbí àwọ̀ ẹ̀. Tí òjé inú ẹ̀ bá pọ̀, èyí á di òfin ohun gbígbìn: ohun tá à ń jẹ gbòǹgbò ẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tí ewé ẹ̀ ń kan ilẹ̀ kó wà nínú bẹ́ẹ̀dì gíga tí wọ́n da ilẹ̀ tuntun sí, nítorí iyẹ̀pẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ wọn. Tòmátò, ata, ilá, ìyẹn ohun tá à ń jẹ èso ẹ̀, ò fi bẹ́ẹ̀ kó òjé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ jẹ́ kí ọmọ kan tọ́wọ́ àgbàlagbà wà lórí ẹ̀ rìn yí ọgbà ká, ẹ wo ohun tó nawọ́ sí.

Ìpele 6: Àrùn, ibi tí ewéko ti wá ṣe pàtàkì ju ohun tó jẹ́ lọ

Níbí, ẹ má fòfin de ewéko kankan. Ibi tó ti wá ni kẹ́ ẹ bojú tó. Pòtétò tẹ́nì kan mú láti inú àpò oúnjẹ ilé ẹ̀ wá rì mọ́lẹ̀ lè gbé àrùn tó ń jẹ́ Phytophthora infestans wá, tòmátò gbogbo ọgbà á sì bá a lọ, torí atẹ́gùn ló ń gbé e. Ẹ ní kí wọ́n máa ra pòtétò tí wọ́n yẹ̀ wò fún gbígbìn. Ẹ̀fọ́ ìdílé kábéèjì tí wọ́n bá gbé wá pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí ẹ̀, ẹ bi wọ́n níbi tó ti wá, torí àrùn gbòǹgbò wíwú (Plasmodiophora brassicae) lè wà nínú ilẹ̀ fún ogún ọdún.

Gbólóhùn kejì tẹ́ ẹ nílò: tòmátò, ata, ìgbá (ikàn) àti pòtétò ò gbọ́dọ̀ padà sí ojú kan náà láàárín ọdún mẹ́ta. Ìdílé kan ni gbogbo wọn, ẹni tó kó tòmátò kúrò tó gbin ìgbá síbẹ̀ ò tíì yí nǹkan kan padà. Ẹ̀kẹta: ewéko tí àrùn bá mú, ọjọ́ mẹ́ta ni onílé ní láti tu ú, lẹ́yìn ìyẹn kọmití lè tu ú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tí fọ́tò ewé tó ní àrùn bá bọ́ sórí WhatsApp ọgbà lóru, ṣé gbogbo èèyàn mọ ẹni tó máa lọ wò ó láàárọ̀? Tí wọn ò bá mọ̀, òfin ibí yìí ò tíì pé.

Ìpele 7: Ẹ kọ ọ́ lọ́nà tí tépù lè wọ̀n

Òfin tí kò ṣeé wọ̀n, ẹni tó lóhùn jù ló máa ń borí ẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ yìí:

*Kò dáa:* Kí ọmọ ẹgbẹ́ má gbin ohun tó ga jù tàbí tó máa ń tàn púpọ̀.

*Ó dáa:* Ohun tó bá ga ju mítà kan ààbọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ààlà tó ìdajì gíga ẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kọmití á sọ fún onílé nípa ìwé, á ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti gé e tàbí láti gbé e.

Kókó mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan: kí ni, níbo, mélòó, ọjọ́ mélòó. Ẹ yẹra fún "jù," "púpọ̀," "tó bójú mu," àti "gẹ́gẹ́ bí kọmití bá ṣe rò." Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló burú jù, torí lọ́dún tó ń bọ̀ kọmití lè yí padà kí ìrònú náà sì yí padà, ewéko ò sì lè yí padà lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ìpele 8: Ohun tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú òfin

Ibi tí ọ̀pọ̀ òfin tó dáa ti ń kú nìyí. Wọ́n á kọ ọ́ tán, wọ́n á ní ó bẹ̀rẹ̀ lónìí, wọ́n á lọ sí ìpín ẹni tó ti ń tọ́jú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọdún méjì wọ́n á ní kó gé e. Ẹ máa ṣe é báyìí: àwọn fọ́tò tẹ́ ẹ ti yà níbẹ̀rẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí. Ohun olóṣù díẹ̀, kó dàgbà kó so, kí wọ́n kórè, wọn ò gbọ́dọ̀ tún un gbìn. Ohun tó ń gbé ilẹ̀ fún ọdún, ẹ fún onílé ní àkókò kan, ọdún kan ló wọ́pọ̀, ẹ sì ràn án lọ́wọ́ láti gbé e lọ sí ilẹ̀ gbogbogbòò tó bá ṣeé ṣe. Èyí tí òfin ìjọba dè nìkan ni kò ní àkókò, lójú ẹsẹ̀ ló ń lọ, ẹ ṣàlàyé ìdí fún un ní pẹ̀lẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ ìpín ẹlòmíì lọ tu nǹkan láìsọ fún un, kọmití gan-an náà. Ẹ kọ ọ́ lẹ́tà gbàràgàdà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ pe ẹni tí òfin tuntun máa dùn jù lára, ẹ kà á fún un kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Kò ní láti fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ kó lè sọ padà fún yín, lẹ́nu ara ẹ̀, ohun tó máa ṣe àti ọjọ́ tó máa ṣe é dà.

Ìpele 9: Ọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ gbin ohun tí kò sí nínú òfin

Fọ́ọ̀mù kékeré, ìbéèrè mẹ́rin: kí lorúkọ ẹ̀ (ti onísáyẹ́ǹsì wà pẹ̀lú), báwo ló ṣe máa ga tó, báwo ló ṣe ń bí sí i (irúgbìn, gbòǹgbò, ẹ̀ka), ta ló máa tọ́jú ẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá sí nílé. Ẹni tí kò lè dáhùn ìkẹta kò tíì mọ ohun tó fẹ́ gbìn, kó lọ kà sí i.

Kọmití ní ọjọ́ méje láti fèsì. Tí wọn ò bá fèsì, ìdáhùn ti di "bẹ́ẹ̀ ni." Mo mọ̀ pé èyí máa ń ba àwọn kọmití lẹ́rù, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní dídákẹ́ túmọ̀ sí "rárá," kọmití á sùn, ọmọ ẹgbẹ́ á dúró títí àkókò òjò á fi kọjá, lọ́jọ́ kejì á kàn lọ gbìn ín láìbi ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò sí nínú ìdí márùn-ún ìpele 2, wọn ò lè fi kọ̀ ọ́. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún ẹnì kan, kó lọ sínú fáìlì, kẹ́ni tó bá tún béèrè ohun kan náà gbà á bákan náà, kódà tí wọn ò bá fẹ́ràn ẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, èèyàn méjì á rìn yí ọgbà ká pẹ̀lú tépù àti òfin lọ́wọ́, ọ̀kan láti kọmití, ọ̀kan láti ara ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pààrọ̀. Kí wọ́n gbé ìkòkò mint kọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀. Tó bá gbéra láìfà, ó ṣì wà nínú òfin. Tó bá di ilẹ̀ mú, wọ́n á kọ nọ́ńbà ìpín sílẹ̀, wọ́n á sọ fún onílé lọ́jọ́ yẹn gan-an, lẹ́yìn náà wọ́n á gé e, wọ́n á sì gbé e sórí búlọ́ọ̀kù.